Orí Bíbẹ́ Kọ́ Loògùn Orí Fífọ́: Ẹ Jẹ́ Kọ́mọ Ilé-ìwé Sinmi

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe náà nínú wa, síbẹ̀ ojoojúmọ́ la ń bẹ́ orí tó ń fọ́ nílé-ìwé. Ọmọ kò tètè mọ ìṣirò. Wọ́n ní kó jókòó sínú kíláàsì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ ṣeré. Ọmọ kan ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó. Ọ̀gá ilé-ìwé kéde níbi àpéjọ àárọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sáré mọ́. Ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ku oṣù díẹ̀. Wọ́n fagi lé bíréèkì kíláàsì karùn-ún, wọ́n fi àtúnkà iṣẹ́ sí àyè rẹ̀. Àìsàn wà nínú gbogbo rẹ̀ lóòótọ́. Ìtọ́jú tí a ń fún un ni kò dára.

Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó wọ olùkọ́, òbí àti ẹni tó ni ilé-ìwé létí dáadáa: bíréèkì jẹ́ ara iṣẹ́ ilé-ìwé. Ó ní àyè tirẹ̀ nínú ètò ọjọ́ bí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ti ní. Kò sí olùkọ́ tí yóò sọ fọ́mọ pé, "O ò ní kọ́ ìṣirò lónìí torí o pariwo." Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé, "O ò ní jáde lónìí."

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe sábà máa ń rí ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ìyá rẹ̀ ti ń jí i. Kí oòrùn tó yọ dáadáa ó ti wà nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ó ń tòògbé, orí rẹ̀ ń gbá fèrèsé. Aago mẹ́jọ, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ń lé èkejì. Bí wọ́n bá parí ní aago méjì, lẹ́sìn ọ̀sán tún wà títí di aago mẹ́rin. Ó délé, iṣẹ́ àṣetiléwá ti ń dúró dè é. Oúnjẹ, ìwẹ̀, oorun, ilẹ̀ tún mọ́. Nílé-ìwé mìíràn, wọn kì í fi ọjọ́ Àbámẹ́ta pàápàá sílẹ̀ fọ́mọ. Nínú gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, bíréèkì nìkan ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún un ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí àti ibi tí yóò kọjú sí. Ìyẹn náà la tún ń gbà.

Àgbàlagbà kò lè fara da irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì á dìde lọ bu omi mu, á yà kí ẹni tó wà ní tábìlì kejì, á jáde lọ pe ènìyàn lórí fóònù. Àgbẹ̀ tó ti ń kọ ebè láti ìdájí, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, abẹ́ igi ló ń gbà lọ. Á sun iṣu, á mu omi, á na ẹ̀yìn, kó tó tún gbé ọkọ́. Níbi ọ̀wẹ̀ pàápàá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń bá ẹnì kan ro oko, olóko mọ̀ pé dandan ni kí òun dá iṣẹ́ dúró, kí òun gbé oúnjẹ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́lẹ. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí ẹni tí egungun rẹ̀ ti gbó bá ń sinmi kí ilẹ̀ tó ṣú, kí la fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe?

Olùkọ́ tó bá ti dúró níwájú kíláàsì ní aago kan ọ̀sán mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn ọmọ á máa yán, wọ́n á máa fẹsẹ̀ gbá bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa fi bíró gún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú wọn wà lára pátákó, ọkàn wọn ti jáde. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á ka èyí sí ìwà àìgbọràn, wọ́n á mú pàṣán. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Ọpọlọ ọmọ kò lè tẹjú mọ́ ohun kan láti òwúrọ̀ dọ̀sán láìsí ìdádúró, bí a bá sì tẹ̀síwájú láti máa da ẹ̀kọ́ lé e lórí, èyí tó ti gbà wọlé ní àárọ̀ náà kò ní rí àyè jókòó.

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé-ìwé wa mọ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ìdánwò wò, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní Denmark ṣe, láti ọmọ ọdún mẹ́jọ títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n rí i pé bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ ni máàkì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi ìṣẹ́jú 20 sí 30 bá ṣáájú ìdánwò, máàkì á gbéra padà, ohun tí ìsinmi náà dá padà sì ju ohun tí wákàtí kan mú lọ. Apá kan níbẹ̀ ló ká mi lára jù: àwọn ọmọ tí máàkì wọn kéré ni àárẹ̀ ń pa lára jù, àwọn náà sì ni ìsinmi ń ràn lọ́wọ́ jù.

Ẹ wá wo ẹni tí a máa ń dá dúró sínú kíláàsì nígbà tí aago bíréèkì bá lù. Kì í ṣe ọmọ tó ń gba ipò kìíní. Ẹni tí kò parí nóòtù ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá ni, ẹni tí ojú rẹ̀ kò rí pátákó dáadáa, ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ kó tó kúrò nílé, ẹni tí òru àná kò jẹ́ kó sùn nítorí ooru àti ẹ̀fọn. Ọmọ tó nílò ìsinmi jù lọ nínú ogójì ọmọ ni a yàn pé kò ní sinmi. Bí ó bá wọ ẹ̀kọ́ ọ̀sán, á tún kùnà ju ti àárọ̀ lọ, ìyẹn á sì tún jẹ́ ìdí tí a ó fi dá a dúró lọ́la. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Ìfẹ́ náà ló yẹ kó mú wọn wá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn wà. Bí ọmọ kò bá parí nóòtù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí. Ẹ mú un wá síwájú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wò ó bóyá ojú ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo, ẹ jẹ́ kó kọ ìlà mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì dípò ojú ìwé méjì, kí ẹ sì béèrè ohun tó yé e níbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nóòtù tó kún kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ mọ̀wé. Bí ìwà rẹ̀ bá sì ni ẹ̀ ń bá wí, tó ń sọ̀rọ̀ jù, tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ sé mọ́lé rárá, torí pé agbára tó kún inú rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kó lọ sáré kó tó padà wá. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà kéde èyí gbangba ní 2013: wọ́n ní kò yẹ kí a gba àkókò ìsinmi lọ́wọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ nítorí ìyà, ìbáà jẹ́ nítorí iṣẹ́ ìwé.

Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ìlú Atlanta ti fòpin sí bíréèkì ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn, nítorí wọ́n gbà pé ìṣẹ́jú tí ọmọ bá fi ń fò sókè sódò ni ìṣẹ́jú tí kò fi kàwé. Wọ́n tilẹ̀ kọ́ ilé-ìwé tuntun tí kò ní ibi ìṣeré. Àwọn ìlú mìíràn náà dín tiwọn kù. Nígbà tó yá, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ìpínlẹ̀ Florida ṣòfin ní 2017 pé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́ láti ṣeré bó ṣe wù ú. Ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí Atlanta fúnra rẹ̀ wà, ṣòfin tirẹ̀ ní 2022 láti dá bíréèkì padà fáwọn ọmọ kéékèèké. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ti iwájú bá ti já sí kòtò tó sì ti padà, kí ni ti ẹ̀yìn ń wá lọ síbẹ̀?

Àwọn kan á ní eré lásán ni. Ẹ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá kí ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe. Níbi ẹkùn mẹ́ran, ẹnì kan ni ẹkùn, ẹnì kan ni ẹran, àwọn yòókù di ọwọ́ ara wọn mú yí ẹran ká kí ẹkùn má bàa rí i mú. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá já ló jẹ́ kí ẹran kú, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé olùkọ́ kan bá a wí. Níbi súwe, wọ́n á fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, wọ́n á ju òkò, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan fò. Ara ń kọ́ ìdúróṣinṣin, ojú ń kọ́ ìwọ̀n. Níbi tẹ́ńtẹ́ń, ọmọbìnrin méjì á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa ju ẹsẹ̀, ẹni tí kò bá lè ka ẹsẹ̀ ẹnìkejì á pàdánù. Ìjà á bẹ́ sílẹ̀, "Ìwọ lo tẹ ìlà!" "Mi ò tẹ̀ ẹ́!" Kí àgbàlagbà tó dé ibẹ̀, wọ́n á ti parí rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé aago fẹ́ lù, ẹni tó bá sì ń jà kò ní ṣeré. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ parí ìjà ní ọmọ ọdún méje kò ní nílò ọlọ́pàá lórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá di ogójì ọdún.

Ohun kan tún wà tí mo ní láti fi kún un. Nílé-ìwé àdáni púpọ̀, ìyà ń bẹ fún ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Bíréèkì ni àyè tó kù tí ọmọ ti lè gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kó kọ́ orúkọ eré, kó kọ́ àpárá, kó kọ́ bí a ṣe ń fèsì. Bí a bá gba ìyẹn náà, mi ò mọ ibi tí a fẹ́ kó ti kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ara náà wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ láti ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún máa fi ara ṣiṣẹ́ fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, irú iṣẹ́ tí àyà fi ń lù, tí òógùn fi ń jáde. Láyé tí ọmọ ń lọ oko, tó ń pọn omi, tó sì tún ń jáde ṣeré òṣùpá lálẹ́, kò sẹ́ni tó nílò láti ka ìṣẹ́jú. Lónìí, ọmọ ìlú ńlá ń ti inú bọ́ọ̀sì bọ́ sínú kíláàsì, ó ń ti inú kíláàsì bọ́ síwájú tẹlifíṣọ̀n nínú ọgbà tí géètì rẹ̀ kì í ṣí. Bí kò bá sáré nílé-ìwé, kò sí ibòmíràn tí yóò ti sáré.

Ojú tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan náà kò gbẹ́yìn. Ní Kaohsiung, ìlú kan ní Taiwan, àwọn oníṣègùn ojú fi ilé-ìwé méjì wéra fún ọdún kan. Ní ọ̀kan, gbogbo ọmọ ló ń jáde sí gbangba nígbà bíréèkì. Ní èkejì, wọn ò ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013, nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ni àìríran ọ̀nà jíjìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní ilé-ìwé àkọ́kọ́. Ní èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán ń ran ojú tó ń dàgbà lọ́wọ́, iná inú kíláàsì kò sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọmọ tí a dá dúró sínú kíláàsì nítorí pé kò rí pátákó kọ, ṣé ẹ rí i pé ohun tó lè dáàbò bo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà níta ni a ń dù ú?

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ èyí nígbà tí wọ́n gbé ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n pè ní O'Meals kalẹ̀ fáwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ìjọba àpapọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìjẹun àti eré kì í ṣe ohun kan náà. Mo ti rí ilé-ìwé tó jẹ́ pé orí bẹ́ǹṣì ni àwọn ọmọ ti ń ṣí kúlà oúnjẹ wọn, olùkọ́ dúró tì wọ́n, "Ẹ yára, ẹ yára". Bí wọ́n bá ti pa ìdérí dé báyìí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lójú ètò ilé-ìwé, bíréèkì ti kọjá, síbẹ̀ kò sí ọmọ tó dìde. Bí ilé-ìwé bá ní bíréèkì méjì, kí kékeré jẹ́ ti oúnjẹ, kí ńlá jẹ́ ti eré. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, kó gùn tó láti gba méjèèjì.

Ẹ má gbàgbé omi àti ìtọ̀. Ọmọ tó ń di ìtọ̀ mọ́ra láti aago mẹ́jọ kò gbọ́ ohunkóhun nínú ohun tí olùkọ́ ń sọ, ìdìmọ́ra náà sì lè kó àìsàn bá a, pàápàá jù lọ ọmọbìnrin. Bí ilé ìtọ̀ kò bá mọ́, àwọn ọmọ kò ní mu omi rárá kí wọ́n má bàa lọ síbẹ̀, orí á sì máa fọ́ wọn nínú ooru ọ̀sán.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bíréèkì kì í ṣe ìgbà tí a ń rán ọmọ lọ ra ẹ̀wà, tí a ń ní kó lọ fọ abọ́, kó lọ pọn omi, kó gbá ọ́fíìsì. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ń jẹ́ iṣẹ́ àgbà, ẹ̀kọ́ ilé ni, mi ò sì fẹ́ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan náà ni a sábà máa ń rán, àwọn tó já fáfá tó sì gbọ́ràn, títí táàmù yóò fi parí tí wọn kò ní fi ẹsẹ̀ kan pápá. Bí iṣẹ́ bá di dandan, ẹ jẹ́ kó lọ yípo, kó má sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi. Olùkọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, tún ń fi bíréèkì máàkì ìwé ogójì ọmọ. Ọ̀gá ilé-ìwé tó bá gbọ́n á pín iṣẹ́ ìṣọ́ pápá kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan lè ní ọjọ́ tí yóò jókòó sábẹ́ igi láìṣe nǹkan kan.

"Kò sí àyè" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ni ilé-ìwé máa ń sọ, òótọ́ sì ni. Púpọ̀ nínú ilé-ìwé tí àwọn ìjọ kọ́ látijọ́, àti èyí tí wọ́n kọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955 lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ níwájú wọn. Ilé-ìwé àdáni òde òní lè jẹ́ ilé gbígbé alájà méjì tí wọ́n gé yàrá rẹ̀ sí kíláàsì, tí àgbàlá rẹ̀ kò ju ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ. Síbẹ̀, àgbàlá kékeré gba eré bí a bá ṣètò. Kí kíláàsì kìíní àti èkejì jáde lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin tẹ̀ lé e, kí ọkọ̀ ọ̀gá wà níta ní gbogbo àkókò náà. Okùn fífò méjì, ẹfun fún súwe, táyà ògbólógbòó kan: owó wọn kò tó owó ìwé kan. Ẹ bo kànga, ẹ fi pákó tó lágbára dé gọ́tà, ẹ ṣa ìgò fífọ́ àti ìṣó kúrò, ẹ gbin igi tí yóò ṣíji. Kí olùkọ́ méjì máa wà níta, ọ̀kan nítòsí géètì, ọ̀kan láàárín àwọn ọmọ, kí ojú wọn sì máa wá ọmọ tó dá dúró àti èyí tó ń fìyà jẹ kékeré ju bí wọn yóò ṣe máa pàṣẹ eré lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, kí ayò wọlé, kí àlọ́ wọlé. Tábìlì tí a tì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri sọ kíláàsì di àgbàlá.

Orúnkún yóò máa bó. Omi, ọṣẹ àti aṣọ mímọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde náà kò yẹ kó wà nínú kíláàsì nìkan nígbà tí àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín níta; kí olùkọ́ rẹ̀ mọ ipò rẹ̀, kó máa rí omi mu léraléra, kó jókòó nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, kí òjò má pa á, kí ẹnikẹ́ni má sì fi agbára mú un sáré. Láàárín ìwọ̀nyí, eré tó lè ṣe pọ̀.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn àwọn ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 sọ ọ́ ní abala 12 rẹ̀ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi, sí eré àti sí kíkópa nínú ètò àṣà, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè gbé olùkọ́ lọ sílé ẹjọ́. Mo sọ ọ́ kí òbí tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè mọ̀ pé òun kò bẹ̀bẹ̀ fún ojúure.

Àwọn kan yóò ní bí a bá fi àyè sílẹ̀, ariwo á pọ̀, àkókò á ṣòfò, àwọn ọmọ kò ní fẹ́ wọlé mọ́. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má láàlà. Kí aago lù, kí ààlà wà: ìgbà tí a wí pé wọn yóò jáde, kí wọ́n jáde, ìgbà tí a wí pé wọn yóò wọlé, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n mu omi, kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ láìsí àsọyé. Ọmọ tó mọ̀ pé wọn kò ní rẹ́ òun jẹ lórí ìṣẹ́jú tirẹ̀ kì í jí ìṣẹ́jú olùkọ́. Ní Finland, wákàtí ẹ̀kọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú 45, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù jẹ́ ti ìsinmi, àwọn ọmọ sì ń jáde síta àní nígbà òtútù. Wọn ò tìtorí ìyẹn di púrúǹtù. Mi ò ní kí a da tiwọn kọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀kọ́ méjì-méjì, àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko láàárín ọjọ́, ilé-ìwé tó tálákà jù lọ ní ìgbèríko lè ṣe é láìná kọ́bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin òbí lẹ̀ ń lé olùkọ́ dé ibi tó dé. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣí ìwé ọmọ wò láṣàálẹ́, tí ẹ ń ka ojú ewé, tí ẹ ń ní, "Owó tí mo san yìí, ojú ewé mẹ́ta péré?" Ẹni tó ni ilé-ìwé gbọ́, ẹ̀rù bà á pé ẹ ó mú ọmọ lọ sí ti ẹnìkejì, ó sì gé bíréèkì kí nóòtù lè kún. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, kí ẹnì kan nínú yín dìde béèrè pé: ìṣẹ́jú mélòó làwọn ọmọ wa fi ń wà níta lójúmọ́? Ta ni wọ́n máa ń dá dúró, kí sì nìdí? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè bá ẹni tó ni ilé-ìwé sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọmọ bá sì délé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè ohun tó kọ́, ẹ béèrè ẹni tó bá ṣeré. Bí ó bá ní òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ lọ wádìí ju máàkì lọ.

Olùkọ́ tó ń ka ìwé yìí, mo bẹ̀ ọ́, má dúró de ìjọba, má dúró de ìpàdé. Bí aago bíréèkì bá lù lọ́la, jẹ́ kí gbogbo wọn jáde, títí kan ẹni tí kò parí nóòtù rẹ̀.